Máìkì Olówùú Pupa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń ha èéfín kúrò lára ẹ̀gẹ́ púpurú, kó máa ha á lọ. Ọwọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, etí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe àlọ́ ìjàpá. Ìtàn ẹ̀san ni, nítòsí wa níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀, ní Erinje, nínú gbọ̀ngàn Ìjọ Orísun Àánú, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo èèyàn. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ kò fọwọ́ kan ètè yín wò, a jẹ́ pé n kò mọ ìtàn sọ.

Vivian ni olórin náà. Ẹni tí kò bá mọ Vivian ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àlejò ni. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó fẹ́ gba orin tuntun sílẹ̀ lójú agbo, kí èrò máa pàtẹ́wọ́, kí ẹ̀rọ máa gbà á. Pásítọ̀ Philemon ti gbàdúrà tán. Ambrose, ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ ohùn, gba máìkì lọ́wọ́ Pásítọ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e fún Vivian. Òwú pupa kan wà lọ́rùn máìkì náà, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ti olórí olórin ni.

Vivian gbé e sẹ́nu. Ó kọ ẹsẹ kìíní. Ó bọ́ sí ẹsẹ kejì, ó fa èémí sínú, ohùn náà sì já bí igbà akọpẹ tó ti gbó. Máìkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún gbàmù nínú sípíkà. Obìnrin náà di ẹnu mú, ó ń họ àgbọ̀n, ó ń họ ọrùn, ètè rẹ̀ sì ń wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà ti mú.

"Omi! Ẹ bu omi wá!"

"Májèlé ni! Wọ́n ti fún un jẹ!"

Wọ́n da omi lé e lójú, ó tún wá burú sí i. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi máa dé láti Òkìtìpupa, àwọn ọ̀dọ́ ti ká Ambrose mọ́ ẹ̀yìn sípíkà. Zacchaeus, ẹ̀gbọ́n Vivian, ló ṣáájú wọn, gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹniìtàn ni orúkọ ìnísípẹ́tọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kúkurú ni, ó máa ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ìlútítun ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ fún epo títí ó fi kú. Ó ní àṣà kan: kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi í léèrè oúnjẹ.

"Màdáàmù, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," Zacchaeus pariwo. "Ẹ fi oníkà yìí sílẹ̀ fún wa. Ìyà àbúrò mi ò ní lọ lásán."

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí lo jẹ."

"N ò tíì jẹun."

"Mo mọ̀. Ebi ló ń bá ìbínú rẹ sọ̀rọ̀. Gbé gálọ́ọ̀nù yẹn fún Ọlátúndé." Ọlátúndé ni kọ́ńsítébù tó ń wakọ̀ fún un.

Zacchaeus gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìka sókè. "Mo ti gbé e fún yín o. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí ẹ ò tíì mú ẹni tó ṣe é, ṣọ́ọ̀bù Ambrose á jó, Ambrose á sì wà nínú rẹ̀. Mo fi ìyá tó bí wa búra."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mi orí. Oòrùn ọ̀hún sì ti ń yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn.

*

Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ni Ẹniìtàn jókòó sí pẹ̀lú Ambrose.

"Kí lo jẹ?"

"Púpurú, ma. Púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó."

"Òótọ́ lo sọ. Mo ń gbóòórùn rẹ̀."

Ọlátúndé kò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Pásítọ̀ lo máìkì, nǹkan kan ò ṣe Pásítọ̀. Ambrose gbà á, ó nù ún. Vivian lò ó, Vivian ṣubú. Ta ló wà láàárín àwọn méjèèjì?"

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, Ọlátúndé. Gbé máìkì náà wá. Fi aṣọ dì í mú."

Ó tẹ́ áńkáṣíìfù funfun sórí tábìlì, ó yí orí onírin máìkì náà títí ó fi ṣí. Fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Lára fóòmù náà àti láàárín àwọn wáyà ni nǹkan kan ti ń dán, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó kúnná bí irun ọmọ ológbò.

Ambrose fẹ́ nawọ́ sí i. Ẹniìtàn gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Wèrèpè ni. O fẹ́ họra títí di ọ̀la?"

Ó tẹ orí ba, ó tún wo ibi tí irin ti ń yí wọnú irin. Ipa pupa kan wà níbẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tó rántí ilé. "Epo pupa. Ọwọ́ tó kun epo ló ṣí máìkì yìí. Ẹni tó mọ wèrèpè ló ṣe é, ó fi epo pa ọwọ́ kó má bàa jó òun náà."

"Ọwọ́ elépo kò kan máìkì mi rí!" Ambrose fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ bi gbogbo ayé léèrè! Bí mo bá jẹun tán, ọṣẹ ni mo fi ń fọwọ́."

"Ó dáa. Mo rí máìkì mẹ́ta nínú àpótí rẹ. Kí ló dé tó jẹ́ èyí lo fún un?"

Ọkùnrin tó ti ń gbọ̀n ṣàdédé jókòó dáadáa, bí ìyá tí wọ́n bi léèrè àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wo èyí, ma. Kọ̀ǹdẹ́ńsà là ń pè é. Ó ń jẹ iná, etí rẹ̀ sì mú ju ti ajá lọ. Nínú sítúdíò mi, níbi tí mo ti fi fóòmù bo ògiri, òun ni ọba, nítorí ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí? Páànù ń han lókè, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn, ewúrẹ́ Pásítọ̀ ń sunkún. Gbogbo rẹ̀ ló máa kó. Kódà bí ẹ bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ògiri ọ̀hún, á gbọ́ yín."

"Àwọn méjì tó kù ńkọ́?"

"Dáínámíìkì ni wọ́n. Wọn kì í béèrè iná, ara wọn le, bí wọ́n bá jábọ́ wọn ò ní kú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jìnnà, adití ni wọ́n sí i. Àfi kéèyàn fẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Èyí tó wúwo yìí, sítúdíò náà ló dára fún, orí irin ló ń wà, kò ṣe é gbé jó. Èyí tí mo so òwú mọ́ ni ti orí ìtàgé. Iwájú rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ di. Mo lè gbé sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn yẹn, kò ní han gooro. Vivian sì mọ̀ ọ́n lò. Bó bá ti ń kọrin, ètè rẹ̀ kì í kúrò lára irin."

"Ta ló wà níbẹ̀ lánàá nígbà tí ẹ ń yàn án?"

"Èmi, Vivian, Ọlápàdé tó ń ta gìtá, àti Charity tó máa ń gbe orin. Charity ló fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí, ó ń bá wa gbọ́ èyí tó bá ohùn Vivian mu jù. Nígbà tá a yàn án tán, mo so òwú mọ́ ọn, a lọ jẹun."

"Gbogbo yín?"

"Charity ní òun fẹ́ gbá gbọ̀ngàn."

Ẹniìtàn ń wo kọ̀ǹdẹ́ńsà tó wà nínú àpótí. "Etí rẹ̀ mú ju ti ajá lọ," ó tún un sọ sẹ́nu.

*

Ó jáde sí gbọ̀ngàn, ó gbé máìkì mìíràn fún Pásítọ̀ Philemon.

"Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀, ẹ kí àwọn èèyàn yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣe sùúrù."

Pásítọ̀ gbà á. Ó dì í mú síwájú ikùn rẹ̀, bí ẹni tó gbé àbẹ́là. "Ẹ̀yin ará nínú Olúwa," ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé e sókè, Pásítọ̀!" ni àwọn ìyá ìjọ ké láti ẹ̀yìn.

"Ohùn mi tó yín gbọ́!"

"Kò tó wa! Ikùn yín la ń gbọ́!"

Ẹ̀rín bú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Ẹniìtàn gba máìkì padà. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ti yọ èèyàn kan nínú iná." Ó yíjú sí Zacchaeus. "Ṣé ìwọ náà rí i? Ẹ ní Pásítọ̀ lo máìkì olówùú pupa, kò sì sí nǹkan tó ṣe é, nítorí náà Ambrose ló fi nǹkan sí i lẹ́yìn àdúrà. Irọ́ ni. Wèrèpè ti wà nínú rẹ̀ kí Pásítọ̀ tó gbà á. Ikùn rẹ̀ ló gbàdúrà náà sí. Vivian nìkan ló gbé e mẹ́nu, Vivian nìkan ló fa èémí rẹ̀ sínú. Ẹni tó fi í síbẹ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Àná ló fi í síbẹ̀."

Zacchaeus fa ètè mọ́ra. "Ta wá ni?"

Kí Ẹniìtàn tó dáhùn, Ọlátúndé wọlé, ó ń wọ́ ọkùnrin gíga kan lọ́rùn aṣọ. "Ọ̀gá! Mo ti rí i! Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀!"

Ọlápàdé ni, onígìtá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wú, ó ń fi í ha ṣòkòtò bí ajá tó ní eégbọn. Gbogbo Erinje ló sì mọ̀ pé òun àti Vivian ti ń jà sí ipò olórí ẹgbẹ́ láti ìgbà ìkórè.

Àwọn ọ̀dọ́ dìde lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan ti fa bẹ́líìtì yọ.

"Ẹ jókòó!" Ẹniìtàn kò gbé ohùn sókè púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. "Ọlápàdé, kí lo jẹ?"

"Ma? Mo... ẹ̀bà ni, ma."

"Nígbà tí máìkì bọ́ lọ́wọ́ Vivian, ta ló gbé e nílẹ̀?"

"Èmi ni. Ó ń dún gbàmù-gbàmù, mo sáré gbé e kí sípíkà má bàa bàjẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi ti ń jó."

"Ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wèrèpè síbì kan, ṣé òun ni yóò tún fi ọwọ́ òfìfo gbá a mú? Ọlátúndé, tú u sílẹ̀. Ẹni tó ń họra yìí ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó yẹ kó máa họra tí kò họra ni mo ń wá." Ó rọra yí ojú ká gbọ̀ngàn. "Ta ló gbá Vivian mú nígbà tó ṣubú?"

"Charity," Ọlápàdé wí. "Orí itan rẹ̀ ló gbé e sí. Òun ló nu ẹnu rẹ̀."

*

Charity jókòó sórí àga nítòsí fèrèsé, ó káwọ́ sórí itan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Láti kékeré ni òun àti Vivian ti jọ ń kọrin, Vivian á lé, Charity á gbè. Ẹniìtàn jókòó tì í, ó sì yí ohùn sí Ìkálẹ̀, bí ẹni tó wá kí aládùúgbò.

"Ọmọ ìyá mi, kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Tíì àti búrẹ́dì, ma."

"Jẹ́ kí n wo ọwọ́ rẹ."

Charity tẹ́ ẹ fún un. Ó dán, kò wú, kò pọ́n.

"Omi ni gbogbo èèyàn ń pè. Kí ni ìwọ pè?"

"N kò pe nǹkan kan. Epo ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní májèlé ni, epo sì lẹ̀rọ̀ májèlé, ma. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Níbo lo ti rí epo nínú gbọ̀ngàn?"

"Nínú báàgì mi."

"Ẹni tó jẹ tíì àti búrẹ́dì, tó ń bọ̀ wá gbe orin, ló gbé ìgò epo dání?"

"Mo fẹ́ gbé e fún ẹnì kan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Báwo lo ṣe lò ó fún un?"

Charity yíjú sí fèrèsé.

"Ọlápàdé, o wà níbẹ̀. Báwo ló ṣe lò ó?"

"Ó fi pa á létè. Ó fi pa á lọ́rùn, ó fi pa á lọ́wọ́. Ó ń lé àwọn olómi sẹ́yìn."

Ẹniìtàn mi orí díẹ̀díẹ̀. "Nílé wa níbí, bí ọmọ bá jẹ májèlé, ọ̀nà ọ̀fun la ń da epo sí kó lè bì. A kì í fi pa á létè. Wèrèpè là ń fi epo pa. Wèrèpè là ń sá omi fún. Ìyá tó bí mi fi kọ́ mi, ìyá tó bí ọ náà fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn, Charity, ta ló ti mọ̀ pé wèrèpè ni? Dókítà ò tíì rí i. Èmi ò tíì dé. Ìwọ nìkan lo mọ̀."

Ẹ lè gbọ́ ewúrẹ́ Pásítọ̀ lẹ́yìn ògiri.

Charity gbé ojú sókè. Kò sí omijé níbẹ̀. "Mo fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pa mọ́," ó wí. "N kò fẹ́ kó kú. Bí mo bá fẹ́ kó kú, n kò ní gbé epo wá."

Zacchaeus fò sókè. Ọlátúndé dì í mú láyà.

"Kí ló fi ṣe ọ́?" Ẹniìtàn béèrè.

"N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú máìkì ni n ó ti sọ ọ́. Ambrose, tàn án fún mi."

Ambrose wo ìnísípẹ́tọ̀. Ìnísípẹ́tọ̀ ní, "Tàn án." Ambrose tẹ bọ́tìnnì.

Charity mú máìkì tó wúwo náà, ó fọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ó dún. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún. Nígbà yẹn ló gbé e súnmọ́ ètè.

"Ẹ̀yin èèyàn Erinje, ẹ rántí ìgbà tí mo sin ìyá mi ní Ìrẹ̀lẹ̀. Nínú ilé wa, àkọ́bí obìnrin ló ń fi orin sin ìyá rẹ̀ jáde. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ojú títì. Bí kò bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Mo kọ ọ́ títí ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mi. Vivian ló wá gba orin náà lẹ́nu mi, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn àǹtí mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo rò pé máìkì ló bàjẹ́. Mo bá Ambrose kẹ́dùn pé máìkì rẹ̀ bàjẹ́!"

Ambrose ti sorí kọ́.

"Lánàá, wọ́n ní kí n fi nǹkan sétí, kí n bá wọn yan máìkì. Vivian àti Ambrose rìn lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọn ò rántí pé èyí tí etí rẹ̀ mú yẹn ṣì wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ Vivian bí ẹni pé inú orí mi ló wà. Ó ní, 'Fún Charity ní máìkì yòówù. Lọ́la, pa ohùn rẹ̀ bí o ṣe pa á níbi òkú ìyá rẹ̀. Kò kúkú mọ̀.' Ambrose sì rẹ́rìn-ín." Ó mí kanlẹ̀, èémí náà gba gbogbo gbọ̀ngàn kọjá. "Wọ́n lọ jẹun. Mo jáde sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wèrèpè so síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín fún mi. Mo bu epo ní ilé ìdáná. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Èmi tí mo kó o, n kò gbàgbé."

"O sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ dáná sun Ambrose," Ẹniìtàn wí.

"Ta ló pa máìkì mi, ma? Ṣé Vivian nìkan?" Ó yíjú sí Ambrose. "N kò bẹ̀ ọ́. N kò bẹ òun náà. Ẹ gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ìyá mi."

Ẹniìtàn ṣẹ́jú sí Ọlátúndé kó lọ múra ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì. Charity sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Orin tí wọ́n fi ń sin ìyá jáde. Kò sí gìtá, kò sí àtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ òkú, ọwọ́ Ambrose gbéra, bóyá ìtìjú ni, bóyá ìbẹ̀rù ni, ó ń lọ sórí bọ́tìnnì láti fa ohùn náà wálẹ̀.

Ẹniìtàn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀."

Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi parí. Ẹ̀rọ tó yẹ kó gba orin Vivian sílẹ̀ kò tíì kú láti àárọ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀. Zacchaeus ló kọ́kọ́ jáde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gálọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá, kò wò ó.

Ohùn Vivian padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pè é kọrin dé Ìrẹ̀lẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù Ambrose kò jó. Ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo máìkì rẹ̀, ẹ bá mi wá ẹni tó ń pè é sí òkú ìyá rẹ̀.

Ọlátúndé tó wakọ̀ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà ló sọ ọ́ fún mi, lábẹ́ igi mángòrò wa, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbà á kí n tó gbé e fún yín. Ó ní nígbà tí Charity ń kọrin, ẹ̀bá ọkọ̀ ni òun dúró sí, lójú títì. Ó ní bí àwọn ṣe ń lọ sí Òkìtìpupa, obìnrin náà kò béèrè ọjọ́ ẹjọ́, kò béèrè lọ́yà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá dírẹ́bà, ṣé ó dé ibi tí ẹ wà?"

Ọlátúndé ní òun wò ó nínú dígí ọkọ̀, òun sì dá a lóhùn pé, "Ó dé."